Ìwé Àyẹ̀wò Ẹ̀dọ̀ Kì Í Ṣe Ìwé Ẹ̀sùn

Ẹ̀yin ìyá wa nínú gbogbo ẹgbẹ́ ní Ara, ní Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí wa ká, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa mọ́, kí ọmọ ilé bá a kà á sókè.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni iṣẹ́ kan tó ń kiri lórí fóònù wa láti ọjọ́ mélòó kan. Ẹ ti rí i. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ "ga", àrùn mẹ́dọ̀wú ló ní. Kí wọ́n ya àwo àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, kí òun náà sì ra ìgò mẹ́ta àgbò tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì tí a ó san owó sí wà nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ wa ní Abidjan pàápàá ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n bá wọn rà á fún ìyá wọn. N kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: irọ́ ni apá kìíní iṣẹ́ yẹn, ewu ni apá kejì. Ohun tí wọ́n ń tà fún yín láti fi tún ẹ̀dọ̀ ṣe lè jẹ́ ohun tó ń bà á jẹ́ gan-an.

Mo mọ ọmọbìnrin kan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní kí òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ìwé rẹ̀ dé, nọ́ńbà méjì ga níbẹ̀. Ẹni tó ka ìwé náà fún ìdílé ọkọ kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó wò ó fìrí, ó ní, "Mẹ́dọ̀wú ni." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìyá ọkọ ti ní òun kò ṣe mọ́. Nígbà tí wọ́n wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò dáadáa, kò sí kòkòrò mẹ́dọ̀wú kankan lára rẹ̀. Oògùn oníhóró fún làpálàpá ló ti ń lò bọ̀ láti nǹkan bí oṣù méjì, tó rà ní kẹ́míìsì, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í nípa rẹ̀. Ó dá oògùn dúró, nọ́ńbà wálẹ̀. Ìgbéyàwó ni kò padà wá.

Kí wá ni nọ́ńbà yẹn gan-an? Àwọn èròjà kan wà tí ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, enzyme ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Méjì tí ẹ ó máa rí lórí ìwé ni ALT àti AST. Inú ẹran ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń gbé. Bí nǹkan kan bá pa ẹ̀dọ̀ lára, wọ́n á jò sínú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà á sì ga. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí a dì sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sọ́jà. Bí a bá dé ibẹ̀ tí a rí epo nílẹ̀ ọkọ̀, a mọ̀ pé kẹ́ẹ̀gì kan ti jò. Ṣùgbọ́n epo tó wà nílẹ̀ yẹn kò lè sọ fún wa bóyá ìṣó ló gún un, tàbí ìdérí ni kò dé dáadáa, tàbí wọ́n ju ẹrù wúwo lé e lórí. A ní láti yẹ kẹ́ẹ̀gì wò, kí a sì bi dẹ́rẹ́bà léèrè bó ṣe wakọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ALT àti AST rí.

AST kì í tilẹ̀ ṣe ti ẹ̀dọ̀ nìkan. Ó wà nínú ọkàn, nínú iṣan apá àti ẹsẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀ pupa fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sì lọ fa ẹ̀jẹ̀ ní ọjọ́ kejì, AST rẹ̀ lè ga láìjẹ́ pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ mọ nǹkan kan. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bàjẹ́ nínú ìgò kí ó tó dé láàbù, AST á ga lórí ìwé. Ìdí nìyí tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń ní kí ẹ padà wá tún un ṣe. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gba owó yín lẹ́ẹ̀mejì.

Àyẹ̀wò tó ń sọ bóyá kòkòrò mẹ́dọ̀wú wà lára ènìyàn lọ́tọ̀ pátápátá. Ti B ni wọ́n ń pè ní HBsAg, ti C ni anti-HCV. Bí ẹ kò bá rí orúkọ wọ̀nyí lórí ìwé, wọn kò tíì yẹ mẹ́dọ̀wú wò, ẹnu ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gbà á láti pè é bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé kí a fojú kéré mẹ́dọ̀wú o. Nínú àyẹ̀wò ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, èyí tí wọ́n pè ní NAIIS, nǹkan bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní B, nǹkan bí 1 ló ní C. Ìyẹn kò kéré. Ohun tó tún burú ni pé ẹni tó ní B lè ní ALT tó wà ní déédéé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà nọ́ńbà tó ga kò sọ pé mẹ́dọ̀wú wà, nọ́ńbà tó dára kò sì sọ pé kò sí. Kí olúkúlùkù wa lọ ṣe HBsAg, kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ láàárín wákàtí 24 tí a bí i. Ti àwo àti ife tí wọ́n ní kí ẹ yà sọ́tọ̀ yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀, ìbálòpọ̀, abẹ́rẹ́ àti abẹ tí a jọ lò, àti láti ara ìyá sí ọmọ nígbà ìbí ni B fi ń ràn. Kì í ràn nínú àwo àmàlà.

Ó wá kù ohun tó ń jo kẹ́ẹ̀gì tí kì í ṣe mẹ́dọ̀wú. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa dun àwọn kan.

Àgbò ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Mo mọ ohun tí ẹ̀yin bàbá wa máa sọ: "Àgbò ni àwọn bàbá wa mu tí wọ́n fi dàgbà." Òótọ́ ni, ọmọ àgbò lèmi náà, wọ́n fi wẹ̀ mí, wọ́n fi bù mí mu. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa. Àwọn tó mu ún tí wọ́n dàgbà ni a rí. Àwọn tó mu ún tí wọ́n kú kò sí níbí láti sọ tẹnu wọn. Ẹni tí ojú rẹ̀ di ìyeyè, tí ikùn rẹ̀ wú, tó sì kú láyé ìgbà yẹn, kí ni a sọ pé ó pa á? A ní ayé ló ṣe é, a ní àjẹ́ ló jẹ ẹ́ lẹ́dọ̀. Mélòó nínú ìyá arúgbó tí a fi ọ̀rọ̀ yẹn lé kúrò ní ilé? Kò sẹ́ni tó yẹ ìkòkò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wò.

Kì í ṣe àgbò Yorùbá nìkan ni mo ń bá wí. Gbogbo ibi tí ènìyàn ti ń se ewé mu ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní South Africa, àwọn Zulu ní gbòǹgbò kan tí wọ́n ń lò, impila lorúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ impila ni "ìlera". Gbòǹgbò yìí ni àwọn dókítà ibẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ó ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́ pọ̀, ó sì ti pa ọmọdé àti àgbà. Ìlera lorúkọ rẹ̀! Ní Jamaica, ní àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà rí i pé ikùn àwọn ọmọdé kan ń wú, ẹ̀dọ̀ wọn ń le. Nígbà tí wọ́n wádìí, ewé ìgbẹ́ tí àwọn ìyá ń se bíi tíì fún wọn ló fà á. Oró inú ewé náà ń dí àwọn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀. Ìyá tó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ló se é. Ní Uganda níbi tó sún mọ́ wa, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2012 láti Rakai fi hàn pé àpá inú ẹ̀dọ̀ wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ń lo irú àwọn ewé kan.

Mo tún ní ẹ̀sùn kan sí àgbò òde òní. Bàbá tó ń wa egbò láyé àtijọ́ mọ ẹni tó ń wa á fún, ó mọ iye ife tí yóò mu, ó sì ní ọjọ́ tí yóò dá a dúró. Èyí tí wọ́n ń rọ sínú ìgò omi lónìí, ta ló mọ ohun tó wà níbẹ̀? Ọ̀kan fún jẹ̀dí, ọ̀kan fún ibà, ọ̀kan fún ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀kan fún "gbogbo àìsàn". Àwọn kan ń fi ọtí rẹ ẹ́, àwọn kan ń lọ oògùn òyìnbó mọ́ ọn kí ara lè tètè yá oníbàárà. Ìyá kan á mu mẹ́ta pọ̀ lójúmọ́, á tún gbé ti òyìnbó lé e, bí dókítà bá sì bi í pé kí ló ń lò, á ní òun kò lo nǹkan kan. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí dókítà bá bínú nígbà tí ẹ dárúkọ àgbò, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀.

Oògùn òyìnbó náà kò mọ́ lọ́wọ́. Paracetamol tí gbogbo wa ń gbé mì bíi guguru, ẹ̀dọ̀ ló ń tú u palẹ̀. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá gírámù 4 láàárín ọjọ́ kan, ìyẹn hóró 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 500 mg. Ẹni tó ń mutí tàbí tí kò jẹun dáadáa, tirẹ̀ gbọdọ̀ kéré sí i. Ibi tí wàhálà wà ni pé paracetamol wà nínú oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ orúkọ yẹn: oògùn ọ̀fìnkìn, oògùn ara ríro, oògùn tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré fún yín ní kẹ́míìsì. Ẹ mu méjì nínú eléyìí, méjì nínú tọ̀hún, ẹ kò mọ̀ pé ọ̀kan náà ni ẹ ń mu. Ẹni tó bá sì gbé èyí tó pọ̀ jù mì, ara rẹ̀ lè dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan ní ọjọ́ kìíní, títí ẹ̀dọ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Oògùn tó ń pa oró rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, ó sì ń ṣiṣẹ́ jù bí wọ́n bá tètè fún un láàárín wákàtí 8. Nítorí náà, ẹ má dúró wò ó bóyá ojú á pọ́n. Ẹ̀yin tó ń sè fún òde, mo gbọ́ pé àwọn kan ń ju paracetamol sínú ìkòkò kí ẹran lè tètè rọ̀. NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, igi ìdáná kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Oògùn làpálàpá tó ba ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn jẹ́, ketoconazole oníhóró ni. Ní 2013, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní ilẹ̀ Yúróòpù ní kí wọ́n dá títa rẹ̀ fún làpálàpá dúró nítorí ohun tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀. Èyí tí a ń fi pa ara kò ní ewu bẹ́ẹ̀. Oníhóró tí a ń gbé mì ni mo ń sọ. Oògùn ikọ́ ife náà, isoniazid àti àwọn tí wọ́n jọ ń rìn, lè mú nọ́ńbà ẹ̀dọ̀ ga. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ dá a dúró nítorí ohun tó kà lórí WhatsApp, títí kan èyí tí èmi kọ yìí. Kí ó padà lọ sí ibi tó ti gbà á. Ikọ́ ife tí a kò wò tán ń pa onílé, ó sì ń ràn ará ilé.

Ọtí ńkọ́? Gbogbo wa mọ̀ ọ́n, a kàn ń díbọ́n. Ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ìbáà jẹ́ ògógóró, ìbáà jẹ́ èyí tó wà nínú ọ̀rá kékeré, ìbáà jẹ́ páráàgà tí wọ́n rẹ egbò sí tí wọ́n sì ń pè ní oògùn. Bí AST bá fi ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ALT, ọtí ni dókítà máa kọ́kọ́ fura sí. Ẹ̀yin ìyá tó ń mu "bitters" ní àárọ̀ kí inú lè dá, ọtí ni ẹ ń mu o.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin 2015. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ní ojú àwọn ń ṣú, orí ń fọ́ wọn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì tó mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú. Ó ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ariwo ta pé òrìṣà ìlú ló ń bínú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, methanol ni wọ́n bá níbẹ̀, oró tó wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ojú àti ọpọlọ ni methanol ń bá jà jù, kì í ṣe ẹ̀dọ̀, nítorí náà n kò mú un wá láti fi ṣe àpẹẹrẹ àrùn ẹ̀dọ̀. Mo mú un wá nítorí ìwà wa. A bi òrìṣà léèrè kí a tó bi ife léèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná. A jẹ́ àgbẹ̀ ní ìhà ibí, àgbàdo, ẹ̀pà, ìṣù tí a fi ń ṣe èlùbọ́. Bí òjò bá pa wọ́n kí wọ́n tó gbẹ, tàbí tí a kó wọn sí ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, wọ́n á bu. Nǹkan tó hù sí wọn lára yẹn lè pèsè oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Tòlótòló ló kọ́kọ́ fi í hàn ní ayé: ní 1960, tòlótòló tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n fún wọn jẹ ló pa wọ́n. Ní 2004, ní ìlà-oòrùn Kenya, àgbàdo tó bu ni àwọn ènìyàn jẹ nígbà tí oúnjẹ wọ́n. 317 ló ṣàìsàn ẹ̀dọ̀, 125 nínú wọn kú. Ojú wọn pọ́n, ikùn wọn wú, bíi ti ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú gan-an. Àgbàdo ni.

Ohun tó ń dùn mí jù níbẹ̀ ni èyí tí a ń fi ọwọ́ ara wa ṣe. A ó ṣa ẹ̀pà, a ó mú èyí tó dára lọ sọ́jà, a ó lọ èyí tó bu fi ṣe kúlíkúlí, tàbí a ó dà á sínú ògì ọmọ. A ní iná á pa á. Iná kò lè pa oró yẹn tán. Sísè kò tú u ká, yíyan kò tú u ká. Bí èlùbọ́ bá ti ní àwọ̀ ewé tàbí dúdú tí kò yẹ kó ní, ẹ má fi omi gbígbóná tàn án jẹ. Àwọn ará IITA ní Ìbàdàn ti ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí àgbẹ̀ máa ń fọ́n sí oko àgbàdo àti ẹ̀pà kí oró náà má baà pọ̀. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa yẹ kó béèrè nípa rẹ̀. Ẹni tó ní mẹ́dọ̀wú B tó tún ń jẹ oró yìí, ewu jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń di ìlọ́po ìlọ́po.

Ọ̀rá náà wà. Ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra níkùn, tó ní àtọ̀gbẹ, tó ń mu mínírà lójoojúmọ́, lè kún fún ọ̀rá, nọ́ńbà rẹ̀ á sì ga díẹ̀díẹ̀ láìdun ún rárá. Ó ti wọ́pọ̀ gan-an káàkiri ayé báyìí. A máa ń sọ fún obìnrin tó sanra pé owó ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kò sí àgbò tó ń fọ ọ̀rá yìí. Kí ènìyàn fọn díẹ̀, kí ó máa rìn, kí ó sì tọ́jú ṣúgà rẹ̀, ohun tó ń mú un wálẹ̀ nìyẹn. N kò rí ẹni tó ń tà á lórí fóònù, nítorí kò sí èrè níbẹ̀.

Ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin ìyá àbúrò tó ń tọ́jú wọn, ẹ dúró díẹ̀ síbí. Nínú oyún, nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní ALP máa ń ga fúnra rẹ̀, nítorí ibi ọmọ ń pèsè rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Tàwọn ọmọdé tó ń dàgbà náà máa ń ga, láti inú eegun wọn. Ṣùgbọ́n ALT àti AST kì í ga lásán nínú oyún. Bí aboyún tí oyún rẹ̀ ti lé ní oṣù márùn-ún bá ní ẹ̀fọ́rí tí kò lọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún rẹ̀ lókè ikùn ń dùn ún, tí èébì ń gbé e, ẹ má ṣe àgbò fún un, ẹ má sì sọ pé ọmọ ló ń yí. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún lè wọ inú ẹ̀dọ̀, ó sì lè pa ìyá àti ọmọ láàárín ọjọ́ kan. Èyí tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ bá ń yún gidigidi, pàápàá lóru, tí kò sì sí nǹkan lára awọ rẹ̀, kí òun náà lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀. Ó ní àìsàn oyún kan tó ń fi yíyún hàn, ọmọ inú ni ó ń wu léwu. A ti sọ "epo ni kí o fi pa á" fún wọn tó.

Àwọn yòókù n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ibà lásán lè mú nọ́ńbà ga, táífọ́ọ̀dù pẹ̀lú, a sì wálẹ̀ bí wọ́n bá wò ó sàn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, ojú rẹ̀ lè máa pọ́n nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń fọ́. Ẹ yéé pe àwọn ọmọ yẹn ní ẹlẹ́dọ̀wú. Òkúta inú òróòro wà, ọkàn tí kò lágbára mọ́ wà. Ó sì ní èyí tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ máa ń gbógun ti ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tí oògùn rẹ̀ sì wà bí wọ́n bá tètè mọ̀.

Ní ti fífọ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń polówó, bóyá àgbò, bóyá ti òróró ólífì àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ní kí ẹ mu lóru. Wọ́n á ní ẹ wo ìgbẹ́ yín láàárọ̀, ẹ ó rí òkúta kéékèèké aláwọ̀ ewé tó jáde láti inú ẹ̀dọ̀. Lóòótọ́ ẹ ó rí nǹkan. Àwọn oníwòsàn ní ilẹ̀ òkèèrè ti yẹ irú "òkúta" bẹ́ẹ̀ wò: ọṣẹ ni. Òróró tí ẹ mu àti omi ọsàn ló pò pọ̀ nínú ìfun tó di ọṣẹ. Ẹ fi owó ra òróró, ẹ fi ikùn ṣe ọṣẹ, wọ́n sì ní ẹ ti sàn. Ẹ̀dọ̀ ló ń fọ ara. Kò sí ohun tó ń fọ ẹ̀dọ̀ ju pé kí a dẹ́kun dída ìdọ̀tí lé e lórí.

Ẹni tí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ bá ga, ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, bóyá ní Òṣogbo, bóyá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ibi tó bá sún mọ́ ọn. Kí ó béèrè fún HBsAg àti anti-HCV bí wọn kò bá tíì ṣe é. Kí ó sì kọ gbogbo ohun tó ti gba ẹnu rẹ̀ wọlé láti oṣù mẹ́ta sí ìwé kan: oògùn, àgbò, ọtí, oúnjẹ tó bu, abẹ́rẹ́. Bí ojú bá ti di ìyeyè, tí ìtọ̀ dúdú bíi tíì, tí ènìyàn ń sọ ìsọkúsọ tàbí tí ń sùn jù, ìyẹn kò dúró de ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jẹ́ kí dókítà ka ìwé fún yín kí ẹ tó dá aṣọ ìyàwó padà.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀, kí ẹni kọ̀ọ̀kan gbé gbogbo ìgò àti ọ̀rá oògùn tó wà nínú ilé rẹ̀ wá, àgbò àti ti òyìnbó, ẹni tó ní ìwé àyẹ̀wò kí ó mú un dání. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì kan kí ó wá jókòó tì wá. A ó to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, a ó máa wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pa mọ́.